Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Ọ̀pá Pèrègún Inú Ìkòkò Tí Kò Dàgbà Mọ́

Ta ni kò mọ igi pèrègún nílẹ̀ Yorùbá? Òun ni àwọn baba wa fi ń pààlà ilẹ̀, òun náà ni a sì máa ń rí ní ojúbọ òrìṣà. Lóde òní, pèrègún ti wọ inú ilé. Àwọn òyìnbó, tí wọ́n ń pè é ní Dracaena fragrans nínú ìwé ìmọ̀ ewéko, máa ń gbìn ín sínú ìkòkò, wọn a sì gbé e sí pálọ̀ tàbí ọ́fíìsì nítorí ẹwà ewé rẹ̀. Àwa náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gígé ni a ń gé e gbìn. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọ̀pá tí a gbìn yóò rú ewé méjì tàbí mẹ́ta, inú ẹni yóò dùn, lẹ́yìn náà yóò wá dúró gbagidi. Oṣù kan yóò kọjá, oṣù kejì yóò tẹ̀ lé e, kò ní í fi ìbú ìka kan kún gíga rẹ̀. Kò kú, kò sì yè. Kí ni kí o ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí o mọ̀ ni pé ewé kì í ṣe ẹ̀rí pé gbòǹgbò ti wà. Oúnjẹ ti wà nínú ọ̀pá náà kí o tó gé e kúrò lára igi. Oúnjẹ yìí ni ó fi ń rú ewé àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí iṣu inú abà ti máa ń hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Bí oúnjẹ yìí bá ń tán lọ tí gbòǹgbò kò sì tíì yọ, ọ̀pá kò ní ohun tí yóò fi máa fa omi, ó di dandan kí ó dúró. Nítorí náà, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni dídúró yìí: yálà ọ̀pá náà ń ta gbòǹgbò lábẹ́lẹ̀ níbi tí ojú rẹ kò tó, tàbí kí ó máa jẹrà. Ìtọ́jú èkínní yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí tí ó jẹ́, tí ó kàn sáré bu omi àti ajílẹ̀ sí i, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Má ṣe tìtorí àyẹ̀wò fà á tu. Ọmọ kíláàsì mi kan nígbà kan rí máa ń fa ọ̀pá tirẹ̀ yọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Nínú gbogbo èyí tí a gbìn, tirẹ̀ nìkan ni kò yè. Gbòǹgbò tuntun kò lágbára, kíá ni ó ń kán. Ohun tí o óò ṣe ni pé kí o fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀pá náà níbi tí ó ti wọ ilẹ̀. Bí ó bá le, ó wà láàyè. Fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tí ó sì mọ́, kò tíì sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀ bí ògèdè tó ti pọ́n jù, tí èèpo rẹ̀ ń ṣí, tí ó sì ń rùn, jíjẹrà ni ó ń jẹrà.

Bí ó bá le, sùúrù ni oògùn àkọ́kọ́. Ọ̀pá pèrègún lè lo oṣù kan sí méjì kí ó tó ta gbòǹgbò tó nípọn, pàápàá nígbà ọyẹ́. Wo ibi tí o gbé e sí. Inú òkùnkùn kọ̀rọ̀ kò dára fún un, oòrùn ọ̀sán gangan kò sì dára. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa ni kí o gbé e sí. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi ara ewé ju èyí tí ọ̀pá tí kò ní gbòǹgbò lè rí dí i. Nígbà náà, gé díẹ̀ nínú ewé rẹ̀ kúrò, kí o sì fi ọ̀rá funfun tí a lè rí inú rẹ̀ bo orí rẹ̀. Máa ṣí i fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọ ibẹ̀. Má fi ajílẹ̀ sí i rárá. Iyọ̀ inú ajílẹ̀ a máa jó gbòǹgbò ọ̀tun.

Tún wò ó bóyá o kò gbé orí rẹ̀ kodò. Má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀pá tí kò ní ewé kò fi orí hàn yàtọ̀ sí ìdí. Ìdí tí ó wà nísàlẹ̀ nígbà tí ó wà lára igi ni ó ń ta gbòǹgbò. Nígbà mìíràn tí o bá ń gé e, gé orí rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, kí o sì gé ìdí rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu pẹ́ńsù, o kò ní í ṣì í mọ̀.

Ní ti èyí tí ó ń jẹrà, omi àpọ̀jù ni ó sábà máa ń fà á. Gbòǹgbò ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Bí omi bá kún gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní í rí ọ̀nà wọlé, ìdí ọ̀pá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní ọdún tí a ta ilé ìyá mi, mo gé ọ̀pá pèrègún kan lára èyí tí ó fi pààlà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọn tí ó ra ilẹ̀ náà hú gbogbo èyí tí ó kù, ti ọwọ́ mi nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Ìfẹ́ tí mo ní sí i ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Inú agolo mílíìkì tí kò ní ihò nídìí ni mo gbìn ín sí, àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni mo sì ń bomi rin ín. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó ti rọ̀.

Mo fọ ọ̀bẹ mímú kan pẹ̀lú ọṣẹ, mo gé ibi tí ó rà kúrò. Àárín rẹ̀ ṣì dúdú. Mo tún gé e, mo tún gé e, títí mo fi dé ibi tí ara rẹ̀ funfun tí kò sì ní àbàwọ́n kankan. Èyí tí ó kù kò gùn ju bírò lọ. Má ṣe ṣàánú ọ̀pá níbi tí a ti ń gé e yìí o. Bí ìbàjẹ́ bíńtín bá kù níbẹ̀, yóò tún ràn. Mo tẹ́ ẹ sí abẹ́ ibòòji fún ọjọ́ méjì kí ojú ọgbẹ́ náà lè gbẹ. Mo fi ìṣó lu ihò márùn-ún sí ìdí agolo, mo bu yanrìn tí mo ti fọ̀ sí i, mo pò ó mọ́ ilẹ̀dú díẹ̀, mo sì tún un gbìn. Láti ìgbà náà, bí ìka mi kò bá bá ilẹ̀ gbígbẹ pàdé títí dé oríkèé àkọ́kọ́, n kò bomi rin ín. Ó di ọ̀sẹ̀ keje kí ewé tó yọ.

Bí o bá ti ń rí i pé ọ̀pá tìrẹ kò mì mọ́ nígbà tí o bá rọra fà á, ó ti ta gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò bá sì yọ jáde ní ihò ìdí agolo, wò ó: èyí tí ara rẹ̀ le máa ń pọ́n bí èèpo ọsàn, èyí tí ó ti bàjẹ́ a máa dúdú, a sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Nígbà náà ni kí o pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ sí èyí tí ó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ. Má gbé e sínú garawa ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé yóò máa tutù síbẹ̀ lásán. Dúró kí ewé tuntun mẹ́ta là tán kí o tó fi ajílẹ̀ díẹ̀ tí a pò mọ́ omi púpọ̀ sí i.