Ọpọ́n Ayò Àti Ẹ̀kọ́ Orin

Ọ̀ràn kan ń bẹ tí a fẹ́ gbé ka iwájú àwọn òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin òbí tí ń san owó ẹ̀kọ́ dùùrù fún ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó fi ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ni ó ń fi ẹkún fi í sílẹ̀. Bí a bá wádìí, ibi kan náà ni ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ti ń kọ: àwọn àmì ṣáàpù àti fláàtì tí a ń kọ sí iwájú ìlà orin láti fi kíì rẹ̀ hàn. Olùkọ́ a pàṣẹ kí ọmọ kọ́ gbogbo wọn sórí bí ẹni ń ka katikísìmù, pàṣán a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

A kò bá olùkọ́ jà. Ẹni tí kò bá mọ kíì kò lè ka orin. Ohun tí a ń wí ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní ọdún 1801, ní ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, olùkọ́ orin kan, Omidan Anne Young, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí àpótí eré kan tí òun tìkára rẹ̀ fi ọgbọ́n gbé kalẹ̀. Bí a bá ṣí i, ó di ọpọ́n ìtayò. Dáìsì wà nínú rẹ̀, àti èèkàn wẹ́wẹ́, àti ọmọ ìtayò. Nídìí eré yìí ni a ti ń kọ́ kíì àti òfin orin mìíràn. Ní ọdún 1803 ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀.

Bí òyìnbó bá ní àpótí, àwa ní ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni ó ní. Àwọn kíì tí a ń pè ní major lórí dùùrù náà sì jẹ́ 12. Kí ihò kan jẹ́ ilé C, kí a má fi ọmọ ayò sí i, nítorí C kò ní àmì kankan. Láti ibẹ̀ kí ọmọ ka lẹ́tà márùn-ún síwájú, C, D, E, F, G: G ni ilé kejì, ọmọ ayò kan, nítorí ṣáàpù kan ni ó ní. Kí ó tún ka márùn-ún: D, méjì. Bẹ́ẹ̀ ni A mẹ́ta, E mẹ́rin, B márùn-ún, títí dé ilé keje, F ṣáàpù, mẹ́fà.

Kí ó wá padà sí C, kí ó ka márùn-ún sẹ́yìn, kí ó sì gba ọ̀nà kejì pẹ̀lú fláàtì: F ọ̀kan, B fláàtì méjì, E fláàtì mẹ́ta, A fláàtì mẹ́rin, D fláàtì márùn-ún. Bí ó bá dé G fláàtì tí ó ní mẹ́fà, ilé keje yẹn náà ni yóò tún bá. Ẹnu yóò yà á. Ṣùgbọ́n kí ó tẹ F ṣáàpù àti G fláàtì lórí dùùrù, ibi kan náà ni ìka rẹ̀ yóò bà.

Nígbà náà kí a kó ọmọ ayò kúrò, kí ọmọ méjì jókòó. Kí ọ̀kan ju dáìsì, kí ó ka ihò, kí ó dárúkọ kíì ibẹ̀, kí ó sì to àmì rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ṣáàpù kì í yẹ̀: F, C, G, D, A, E, B; fláàtì a gba ọ̀nà náà padà. Bí ó bá gbà á, kí ó jẹ iye ọmọ ayò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣì í, ẹnìkejì ni yóò jẹ ẹ́. Nínú ọmọ ayò 48, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ni ọ̀ta.

Àwọn kan yóò wí pé eré ni eré, iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ṣebí nídìí ayò ni púpọ̀ nínú wa ti mọ ìṣirò kí a tó fojú kan síléètì? Nínú eré, ọmọ kò kọ́ òfin nítorí pàṣán. Ó ń kọ́ ọ kí ó má baà di òpè lójú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Eré kò lè rọ́pò jíjókòó ti dùùrù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rù kíì kò bà mọ́ ni yóò jókòó tì í pẹ́. Nínú irú wọn ni a ó ti rí àwọn tí yóò tẹ dùùrù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Ẹ̀yin olùkọ́ orin, ẹ dán an wò.