Ṣé o mọ̀? Àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ gboyè yunifásítì

Ṣé o mọ̀ pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí Yunifásítì Ifẹ̀ tó kó láti Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ni obìnrin Yorùbá kan ti gboyè ní Oxford? Ní ọdún 1935 ni Kòfówórọlá Àìná Moore, ọmọ Èkó tí a wá mọ̀ sí Kòfó Adémọ́lá lẹ́yìn ìgbéyàwó, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́jì St Hugh's, tí ó sì di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gboyè níbẹ̀. Oyè, èyí tí í ṣe ẹ̀rí tí yunifásítì ń fún ẹni tí ó yege, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àǹfààní láti jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́, nítorí pé ọdún 1920 ni Oxford tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún obìnrin ní oyè, bẹ́ẹ̀ ni Cambridge, tí àwọn obìnrin ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀ tipẹ́, fi oyè dù wọ́n títí di ọdún 1948. Nílé, Felicia Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ, tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní Ifẹ̀, orúkọ Mọremí, akọni obìnrin ìlú náà, ni wọ́n fi sọ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé nínú ọgbà yunifásítì.