Irun Tó Ń Mumi, Irun Tó Ń Kọ Omi

Ẹni tó bá jókòó síwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀fà, omi ni mo kọ́kọ́ ń wọ́n sí irun rẹ̀, kì í ṣe ìpara. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ bíi ti ẹja, tí ojú lásán ò lè rí. Bí ìpẹ́ náà bá lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, omi á dúró sórí irun. Bó bá ṣí, omi á wọlé kíá, á sì tún jáde kíá.

Àwọn kan ní ká ju fọ́nrán irun sínú ife omi, ká wò ó bóyá á rì. Èmi ò gbà á gbọ́: òróró ara irun nìkan tó láti mú un léfòó.

Irun tó ń kọ omi ò fẹ́ òrí púpọ̀, òkè lásán ló máa dúró sí. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi òrí díẹ̀ kùn ún, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbóná wé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ọ̀fà tí rílásà àti dáì ti fìyà jẹ irun wọn, tiwọn ló ń mumi, torí rílásà ti ba ìpẹ́ náà jẹ́. Àwọn ni òrí Kwara wa yìí bá lára mu: ẹ fi omi rin irun ná, kí ẹ wá fi òrí lé e, pàápàá nígbà ọyẹ́. Adín àgbọn náà dára ṣáájú ìfọrun. Ìwádìí Rele àti Mohile ní 2003 fi hàn pé ó ń dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ó ń ṣí ìpẹ́. Ẹ má fi ṣe tojoojúmọ́.