Ìwà Mímọ́ Kì Í Polówó Ara Rẹ̀



Ẹni tó bá gba abẹ́ afárá Sángò kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ayé ń sáré. Bí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ṣe ń jáde ní ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ wọlé ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ariwo ọlọ́jà ń bẹ níbẹ̀, ohùn oníwàásù náà ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin a máa gbọ́ wàásù náà kọjá bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn ìyá a sì máa bi ara wọn ní àsàlátù pé: “Kí ló lé àwọn ọmọ wa kúrò nídìí ẹ̀sìn?”

Ẹ jẹ́ kí a yí ìbéèrè náà padà: kí ni í fa ènìyàn sún mọ́ ẹ̀sìn?

Àwa a máa rò pé ohun tó le, tó fajú ro, ni ìwà mímọ́. Ojúlówó rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fa ènìyàn bí oyin ti ń fa èèrà, àní ẹni tí a kò pè. Nínú Alùkùráánì, Súrà Ali Imrana, áyà 159, Ọlọ́run fi yé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) pé bí ó bá jẹ́ òǹrorò ọlọ́kàn líle ni, àwọn ènìyàn ì bá ti túká kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún Ànábì, kí ni ká ti wí ti ìyá inú ilé?

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè wa yìí, ní Sókótó. Ọdún 1793 ni a bí Nana Asmau, ọmọ Ṣéù Usman dan Fodio, ìbejì ni. Ó mọ̀wé púpọ̀, ó ń kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Haúsá. Síbẹ̀ abilékọ ni, ó bímọ, ó sì ń bójú tó ilé.

Ogun tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1804 da ọ̀pọ̀ ìlú rú. Àwọn obìnrin tí a kó lógun wọ Sókótó, tí wọ́n ti pàdánù ilé àti ará, ta ni yóò rò pé wọ́n lè fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọmọ Ṣéù? Ṣùgbọ́n Nana Asmau kọ́ irú wọn, ó fi ewì tó rọrùn láti há sórí gbé ẹ̀sìn fún wọn. Láìpẹ́, àwọn àgbà obìnrin àti ọmọdébìnrin láti abúlé ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́. Olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní jàjí, a dé akẹtẹ̀ tí a fi aṣọ pupa wé. Àwọn abiyamọ tí kò lè rìnrìn àjò dúró sílé, jàjí a sì gbé ẹ̀kọ́ lọ bá wọn. Ẹ̀bùn tí wọ́n mú wá, Nana Asmau a pín in fún aláìní. Yan-Taru ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ó kú ní 1864, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kú.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ẹ̀bùn náà lọ. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Sángò. Bí ọmọbìnrin kan bá ti iṣẹ́ òru dé, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ sì jẹ́, “Ṣé o ti kírun? Wo aṣọ ọrùn rẹ!”, òótọ́ ni ìyá sọ, ṣùgbọ́n ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ó bá bá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti oúnjẹ tí a bò sílẹ̀, tó sì rí ẹní ìkírun méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè ibi tí ìyá ti rí irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni kí ìyá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ṣáà sọ pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ilé wa jẹ́ ibi tí ọmọ ń sáré wá, kì í ṣe ibi tí ó ń sá kúrò. Àmín.