Oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí Ọbásanjọ́ fi tìlù-tìfọn gbé jáde: Níbo ló wọlé sí?

Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lóru, àwọn ará ilé ẹ̀ nìkan ló mọ ohun tójú wọn ń rí. Ìyá á máa fi aṣọ tó rin sínú omi gbígbóná tẹ orúnkún ọmọ, bàbá á ti sáré jáde lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn dé ọsibítù, ọmọ á máa ké pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun dànù. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ lè rí ọmọ yẹn kó máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni àrùn ọ̀hún ti gba orúkọ.

Ṣùgbọ́n ìrora nìkan kọ́ ló ń bí àwọn tó ti dàgbà nínú wọn nínú. Ọ̀rọ̀ Niprisan wà níbẹ̀.

Ẹni-ọ̀wọ̀ Paul Ògúnyalé, ọmọ Yorùbá tó mọ ewé tó mọ egbò, ló ní àgbo tí wọ́n ń lò sí àrùn náà nínú ẹbí ẹ̀. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú ẹ̀. Kò fi pamọ́ o. Ó gbé e fún NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ l'Abuja, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ti jẹ́ ọ̀gá. Àwọn yẹn dán an wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí i pé ó ń dín iye ìgbà tí ìrora náà ń dé kù. Lọ́dún 2003, FDA ti Amẹ́ríkà kà á mọ́ oògùn àrùn tí kò wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n máa ń fún láǹfààní pàtàkì.

Ẹ ò rí nǹkan! Àrùn tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì ti fojú bù ú pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú ẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún.

Ta ló wá gbé e lé lọ́wọ́ láti máa ṣe é? Xechem, ilé-iṣẹ́ kékeré kan láti New Jersey, ni ìjọba wa fà á fún. Lóṣù keje ọdún 2006, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fúnra ẹ̀ gbé e jáde l'Abuja, wọ́n pè é ní Nicosan. Ijó ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn nígbà tí gbèsè wọ Xechem lọ́rùn. Nígbà tó máa di 2008, kóòtù Amẹ́ríkà ló sá lọ, ó ní apá òun ò ká a mọ́. Bí oògùn ṣe dàwátì nìyẹn. Ọdún 2018 ni NIPRD tún tó bá May & Baker tọwọ́ bọ̀wé lórí ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí Xechem wọ gbèsè ti ń múra sẹ́kọ́ńdìrì.

Wọ́n á ní kò sówó. Bẹ́ẹ̀, Abuja yìí kan náà ni àwọn olórí Áfíríkà jókòó sí lọ́dún 2001, tí wọ́n lérí pé náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tí ìjọba bá fẹ́ ná ló máa lọ sórí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Lóṣù kejìlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tuntun fún àrùn yìí. Owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo. Ìyá tó ń fi èrè ata ra oògùn ìrora ní Mushin, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ìwọ̀nba iyèré àti kànáfùrù lọwọ́ tiẹ̀ lè tó, ìyẹn sì wà lọ́jà Bodè n'Ìbàdàn lónìí.