Àgbàrá Òru ní Ìlú Olókùúta

Ọ̀rọ̀ òjò ni a mú wá sínú ilé yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ń gbé Abẹ́òkúta kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, àpáta ni ó ṣe ààbò fún wọn lọ́wọ́ ogun. Àpáta náà ni ó ń dà wá láàmú nígbà òjò, nítorí òkúta kì í mu omi. Bí òjò ńlá bá ti bọ́ sórí àwọn òkè wa, kíá ni yóò sáré bọ́ sí àfonífojì. Páànù àti sìmẹ́ǹtì tí ó pọ̀ káàkiri ìlú kò sì dá a dúró.

Ìkún odò Ògùn a máa ṣe díẹ̀díẹ̀. Odò náà ń ṣàn bọ̀ láti ìhà Ṣakí, ó ń gba Ọ̀yán mọ́ra, ó sì ń gba Làfẹ́nwá kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Láti ọdún 1983 ni a ti sé Ọ̀yán. Bí omi rẹ̀ bá kún jù, a ní láti ṣí i sílẹ̀, àwọn ará Ìṣẹrí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún a sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n a lè kéde rẹ̀ ṣáájú, kí ènìyàn kó ẹrù.

Àwọn odò kékeré kì í kéde. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2018, òjò rọ̀, Sokori àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kún bo bèbè. Omi wọlé bá ènìyàn, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀ lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, a ṣì ń wá òkú kiri.

Ojú Ìbàdàn ti rí i ṣáájú wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, a sì gbọ́ pé ó pa ju 200 ènìyàn lọ. Òun náà kì í ṣe odò ńlá; ilé àti pàǹtí ni ó há a lọ́nà.

Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. A kò bá wọn jiyàn pé Ọlọ́run ni ó ni òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Òun ni ó ta etí odò fún ẹni tí ń wá ilẹ̀ ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Òun ni ó ń ru pàǹtí lọ dà sí gọ́tà nígbà tí òjò bá ṣú. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é mọ ara yín.)

Ẹ̀yin ìyá tí ilé yín wà létí odò, bí òjò òru bá le, ẹ má ṣe dúró kí omi kan ẹní àwọn ọmọ. Ẹ gbé wọn, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tí ń bẹ lókè. Ẹni tí ó sì fẹ́ háyà ilé, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn arúgbó àdúgbò ibi tí omi dé rí. Kí ó wo ara ògiri pẹ̀lú: bí ó bá rí i pé ìsàlẹ̀ nìkan ni onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà, kí ó béèrè ìdí.