Ẹgbẹ́ Ọkọ̀ Ìgbòkun ní Yunifásítì

Àwa ọmọ Ìmẹ̀kọ, ọmọ Alákétu, tí àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí àárín ọ̀dàn, tí ọkọ́ àti àdá sì jẹ́ ogún wa ju àjẹ̀ lọ, a máa ń ka eré ọkọ̀ ìgbòkun sí ti ará Èkó àti ti Àgbádárìgì, ọmọ etí omi. Èrò yìí kò tọ̀nà, nítorí pé ẹni tó bá tọpa ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ fún eré yìí yóò rí i pé àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù nínú wọn kò sí létí òkun.

Àwọn ti Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1884, àwọn ti Cambridge ní 1893. Lóde òní, adágún tí wọ́n sé kí ará ìlú lè rí omi mu, Farmoor àti Grafham, ni wọ́n ti ń ta ìgbòkun. Omi abù-wẹ̀ abù-mu ló di pápá ìṣeré wọn. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Hoofers ti Yunifásítì Wisconsin ń ṣeré lórí adágún Mendota, tí ó máa ń dì gbagidi nígbà òtútù.

Ọ̀kan lára ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bí a ti í gbé ọkọ̀ tó dojú dé dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, wọn yóò sì mọ̀ọ́mọ̀ yí ọkọ̀ náà dànù. Yóò lúwẹ̀ẹ́ yípo lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò gun pátákó tó yọ nísàlẹ̀ ọkọ̀, yóò di okùn mú, yóò sì fẹ̀yìn tì, títí òpó yóò fi dìde díẹ̀díẹ̀, tí omi ń ṣàn wìtìwìtì lára ìgbòkun. Yóò tún kọ́ bí a ti í lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀: yóò yà sí ọ̀tún, yóò tún yà sí òsì, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nínú ìdíje ìhà méjì láàrin àwọn yunifásítì, ọkọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ìhà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gbé jáde. Ẹni tó ṣíwájú gba 1, ẹni tó kẹ́yìn gba 6, ìhà tí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá ju 10 lọ ni ó borí. Bí akọni kan bá gba ipò kìíní tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní 5 àti 6, 12 ni tiwọn, wọ́n ti pàdánù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nílé wa, ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti wà láti 1932. Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, jókòó ti ọ̀sà ní Akọkà, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn lọ́pọ̀ oṣù, kí ọyẹ́ tó dé láti àríwá ìlà-oòrùn. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa náà sì ní ìsédò Ọ̀yán, tí a ṣí ní 1983, tí Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn-Ọ̀ṣun ń bójú tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wọ yunifásítì tó wà létí omi, ẹ má ṣe fi ẹ̀rù omi dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀wẹ̀, kí ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ó sì kọ́ iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Omi kò lọ́tàá.